Irun Tí Kò Ti Ogun Bọ̀

Ìyá àgbà ti di ìdajì orí mi tán, ìdajì kejì ṣì rí wúruwùru bí oko tí wọn kò tíì ro, nígbà tí ọkọ̀ kan fọn fèrè ní ìkóríta. Wọ́n dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n fi òòyà onígi há inú irun mi, wọ́n nu ọwọ́ tó kún fún àdí sára ìró wọn, wọ́n sì lọ. Mo jókòó sórí ẹní, àdí ń ṣàn bọ̀ lẹ́bàá etí mi, eṣinṣin kan kò sì fi mí sílẹ̀. N kò pè wọ́n padà. Mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n fẹ́ lọ wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Kò sí ọkọ̀ tí yóò dúró ní ìkóríta ìsàlẹ̀ ilé wa ní Èjìgbò tí wọn kì í lọ wò. Ìbáà jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó kó àpò gààrí ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ìbáà jẹ́ èyí tó kó àwọn ará wa bọ̀ láti Àbíjáà, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàsíà àti àpótí onírin, tí wọ́n ń fi èdè Faransé há àárín Yorùbá bí wọ́n ti ń kí ara wọn, ìyá àgbà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wọ́n á máa wo ojú ọkùnrin kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń fò sílẹ̀. Wọn kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ bá ti ṣófo, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á padà wálé. Àwọn ọmọ tó ń ta ẹ̀pà níbẹ̀ ń pè wọ́n ní Ìyá Ọlọ́kọ̀. Ìyẹn kò bí wọn nínú rí. Wọ́n á ní, "Èmi ni mo ni gbogbo wọn. Bí ọkọ̀ mi bá tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀, ẹ má sunkún wá bá mi."

Ìdúró ni wọ́n máa ń jẹun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ó ti máa gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ wọn lójúde, ṣà, ṣà, ṣà, bí oòrùn bá sì yọ, wọ́n á tún gbá ibi tí wọ́n ti gbá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó tó kángun sí ẹnu ọ̀nà ni tiwọn. Bí pásítọ̀ bá ń wàásù lọ́wọ́, wọ́n á jáde, wọ́n á dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á ṣíji bo ojú wo ọ̀nà, wọ́n á tún wọlé. Pásítọ̀ wa ti sọ ọ́ di àwàdà. Ó ní bí ìyá bá ti jáde ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, òun náà mọ̀ pé ìwàásù òun ti gùn jù. Ìyá mi máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó jẹ oúnjẹ, pé oúnjẹ kì í sá. Wọ́n á ní, "Jẹ́ kí n jẹ ẹ́ báyìí. Mi ò mọ ìgbà tí mo máa gbọ́ fèrè."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ti tó ọdún kejì tí ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, gbogbo ilé wa ni kò ní ìsinmi, kì í ṣe ìyá àgbà nìkan. Rédíò bàbá mi kì í panu mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ti jáde ilé-ìwé lọ́dún tó ṣáájú, ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí wọn kì í gbọ́ ara wọn yé. Ó ti fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti gba Ìbàdàn lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ti fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú bàtà tó ga dé ojúgun. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi kò lè gba ẹ̀yìnkùlé kọjá láì máa rìn bí ológun. Bàbá mi, tí í ṣe dìákónì nínú ìjọ wa, ní kó lọ bá àbúrò àwọn ní Àbíjáà kó lọ kọ́ òwò. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé kí òun lọ máa pàtẹ àlùbọ́sà fún àwọn obìnrin nígbà tí ẹgbẹ́ òun ń gbé ìbọn ni. Ìyá mi sunkún. Àríyànjiyàn yẹn kì í tán, ó kàn máa ń lọ sùn ni, tí ilẹ̀ bá mọ́ òun náà á jí.

Àárín rẹ̀ ni tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìtàn ní mọ́dáàn, ilé-ìwé tí ìjọ wa dá sílẹ̀, fún wa níṣẹ́. Ó ní kí olúkúlùkù wa lọ ṣe ìwádìí ogun kan tí àwọn baba ńlá wa jà, kí a bi àwọn àgbà léèrè, kí a kọ ọ́, kí a sì wá kà á ní kíláàsì. Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ohun tí rédíò ti sọ fún òun. Mo mú ogun Kírìjì, èyí tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ jà, tí àwọn ọkùnrin láti apá ọ̀dọ̀ tiwa náà bá Ìbàdàn lọ. Ìdí tí mo fi mú un ni pé mo ti ń gbọ́ ọ nínú ilé láti kékeré pé bàbá ìyá àgbà bá ogun yẹn lọ. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń fi gbólóhùn kejì kún un.

Mo rò pé iṣẹ́ mi ti yá. Mo gbé pẹ́ńsùlù mi lọ bá ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń ko iná lábẹ́ ìkòkò. Wọ́n ní àwọn ò mọ ogun, pé kí n lọ bi àwọn tó lọ.

Mo ní, "Àwọn tó lọ ti kú tán, Màmá."

"Ṣé o rí wọn tí wọ́n kú ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé àwàdà ni. Wọ́n ti dìde kí n tó rẹ́rìn-ín tán.

Bàbá mi ló sọ fún mi pé baba arúgbó kan wà ní Ìsúndúnrin tí bàbá rẹ̀ ti ojú ogun yẹn bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó yarọ, àti pé baba náà kì í dákẹ́ bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo múra àtilọ. Ìyá àgbà ní àwọn ń bá mi lọ. Ìyá mi ní ọ̀nà jìn. Ìyá àgbà dá a lóhùn pé ta ni yóò jẹ́ kí ọmọdébìnrin nìkan lọ jókòó ti baba onírọ́. A wọ ọkọ̀ tó ń lọ kó iṣu. Ní gbogbo ọ̀nà ni ìyá àgbà ń na ọrùn wo ìta, eruku ọyẹ́ pupa bo ìpéǹpéjú wọn, wọn kò nù ún.

Abẹ́ ìgànnà ni a bá baba náà, ó ń hun agbọ̀n. Òórùn áṣáà àti ti imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n rẹ sómi ló wà lára rẹ̀. Ó fún ìyá àgbà ní àpótí, ó fún mi ní ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ dùn. Ó ń fi ọwọ́ lu agbọ̀n fún mi kí n gbọ́ bí ìbọn àwọn Èkìtì ti ń ké, kí-rì-jì, kí-rì-jì, tí àwọn òkè ń gbà á lẹ́nu ara wọn. Ó ní èéfín á bo ojú ogun tó fi jẹ́ pé òórùn òógùn ara ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ní wọ́n pẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n fi kọ́lé, tí wọ́n dá oko, tí obìnrin ń bímọ sí ibùdó, tí ọmọ náà sì ń dàgbà láì mọ̀ pé ìlú mìíràn wà. Ọwọ́ mi ń ro mí, mò ń kọ ọ́ lọ. Àmọ́ ìyá àgbà ń dìde, wọ́n ń jókòó, wọ́n tún ń dìde.

Baba náà dá ìtàn dúró. "Ìyá yìí, ṣé èèrà wà lórí àpótí tí mo fún yín ni?"

"Èèrà ò sí níbẹ̀. Irọ́ yín ló ń ta mí nídìí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní bí òun bá purọ́, kí ìyá sọ òótọ́ tiwọn. Ìyá àgbà kò bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ní. Wọ́n ní àwọn tó kú síbẹ̀, báwo ni ilé wọn ṣe ń gbọ́?

Baba náà gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi, nítorí ó mọ̀ pé ìyá mọ̀ ọ́n. Ó ní bí ọkùnrin bá ṣubú níbi tí àwọn ará ìlú rẹ̀ wà, wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gé nínú irun orí rẹ̀, wọ́n á gé èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á dì í sínú aṣọ rẹ̀ kan, wọ́n á sì gbé e wálé. Bí ìdì yẹn bá ti wọ ilé, òkú ti wọlé nìyẹn. Wọ́n á sunkún, wọ́n á sin ín bí wọ́n ti ń sin ènìyàn. Ìyàwó rẹ̀ á di opó, ọmọ rẹ̀ á mọ̀ pé òun kò ní bàbá mọ́. Ó ní àmọ́ ọjọ́ tí ogun bá dàrú, ta ni yóò dúró gé èékánná?

Ìyá àgbà ní, "Bí wọn ò bá wá mú nǹkan kan bọ̀ ńkọ́?"

Baba náà wo ojú wọn. "Á jẹ́ pé ẹni náà ṣì ń bọ̀ nìyẹn, ìyá."

"Ẹ ṣeun," ìyá àgbà wí. "Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n náà nìyẹn."

A kò rí ọkọ̀ bọ̀ kíákíá, a sì fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, bí wọ́n ti ń rìn níwájú, wọn kò wẹ̀yìn. Wọ́n ní àwọn kò tíì ká eyín iwájú tán nígbà tí ariwo ta pé ogun ń tú, pé àwọn ọkùnrin ń bọ̀ wálé. Ìyá wọn ní iṣẹ́ oko láti ṣe. Ló bá mú wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà ìlú, ó fi wọ́n jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó ní kí wọ́n máa wo ojú gbogbo ọkùnrin tó bá ń bọ̀, bí wọ́n bá ti rí bàbá wọn, kí wọ́n sáré wá pe òun. Àwọn ọkùnrin bọ̀. Àwọn kan ń tiro, àwọn kan kò ní ohun tí wọ́n rù, àwọn mìíràn rù ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó ń bọ̀ mọ́. Ní ojoojúmọ́ ni ìyá wọn ń fi wọ́n síbẹ̀ kó tó gba oko lọ. Ìdì kankan kò wọlé. Àwọn ọkùnrin wá tọrọ ìyá wọn láti fi ṣaya, ó ní ọkọ òun ń bọ̀. Bí ó ti ń sọ nìyẹn títí òun náà fi kú, kì í ṣe opó, kì í sì í ṣe abilékọ.

Wọ́n ní, "Kò sọ fún mi pé kí n kúrò níbẹ̀ kó tó lọ."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì rántí ojú bàbá wọn.

"Ó ti parẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Bóyá ó ti kọjá lára mi nígbà kan."

N kò kọ ìyẹn sínú ìwé mi. N kò mọ bí wọ́n ti ń kọ ọ́.

Nígbà tí a délé, a bá ìjà. Ẹ̀gbọ́n mi ti kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò. Ó ní ọjọ́ Ajé òun ń lọ sí Ìbàdàn lọ forúkọ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó súre fún òun, ẹni tí kò bá fẹ́ kó má ṣe é. Bàbá mi ti sọ̀rọ̀ títí ohùn wọn há. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, eruku Ìsúndúnrin ṣì wà lójú wọn, wọ́n ń wo àpò náà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ pè é jáde síwájú ìjọ, wọ́n gbàdúrà fún un. Mo la ojú mi nígbà àdúrà náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo sì rí i pé ìjókòó ìyá àgbà ṣófo. Wọ́n ti lọ pe onígbàjámọ̀.

Onígbàjámọ̀ yìí jẹ́ Mùsùlùmí àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa, ẹlẹ́jẹ̀ tútù, tó ti fá orí bàbá mi láti kékeré. Kò yà wá lẹ́nu pé wọ́n pè é, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ológun kì í dá irun sí. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, ọṣẹ dúdú ń hó lórí rẹ̀, abẹ ń lọ ṣìì, ṣìì, bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìkòkò. Ìyá mi ń se ìrẹsì, òórùn àlùbọ́sà gba gbogbo ojúde. Ìyá àgbà lóṣòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun kan sílẹ̀, gbogbo irun tó ń bọ́ ni wọ́n ń gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, ṣé ìrọ̀rí lẹ fẹ́ fi rán ni?"

Nígbà tí orí rẹ̀ ti ń dán, wọ́n sọ fún onígbàjámọ̀ pé kó gé èékánná rẹ̀ náà sórí aṣọ yẹn, ti ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀.

Abẹ dúró lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ó wo aṣọ funfun, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu abẹ rẹ̀. Ó ní òun ti ṣe iṣẹ́ yìí fún òkú rí, òun kì í ṣe é fún ẹni tó ń mí. Ìyá mi gbọ́ láti ìdí iná, ó figbe ta. Igbe yẹn ló jí bàbá mi lójú oorun ọ̀sán, wọ́n jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora lára, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Ó ní kí wọ́n bi ìyá wọn.

Bàbá mi ní, "Màmá, Ọlọ́run tó ka irun orí ọmọ yìí kò ní kí á kó o pamọ́ fún òun."

"Ọlọ́run ò nílò rẹ̀. Èmi ni mo nílò rẹ̀." Ìyá àgbà kò dìde níbi tí wọ́n lóṣòó sí. "Ó ní òun ń lọ. Ìwọ ò lè dá a dúró, èmi náà ò lè dá a dúró. Ó dáa. Kó fi ohun tí a ó sin sílẹ̀ fún wa. Bó bá bọ̀, kó gbà á, kó dà á sí ààtàn. Bí kò bá bọ̀, ìyá rẹ̀ á sunkún, ẹkún náà á sì tán lọ́jọ́ kan. Mo ti ń ṣọ́ ọ̀nà kan láti kékeré. Mi ò lè ṣọ́ méjì."

Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ní kí onígbàjámọ̀ gé e jàre, pé kí ló wà nínú èékánná. Onígbàjámọ̀ wo bàbá mi, bàbá mi gbójú kúrò. Onígbàjámọ̀ gé ti àtàǹpàkò. Èékánná náà bọ́ sí àárín irun lórí aṣọ funfun, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wò ó. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fi há abíyá bí ẹni tí òtútù ń mú.

Ó wá sọ̀rọ̀, tìbínú-tìbínú. "Èmi kọ́ lẹ ń wá, Màmá. Bàbá yín lẹ ń wá. Irun tiwọn ni wọn ò mú bọ̀. Kí ló dé tí ẹ fi ń gé tèmi? Ẹ̀yin ọmọ wọn, ṣé irun wọn kọ́ ló wà lórí yín ni?"

Ìyá mi ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo rò pé ó kàn ń wá ọ̀nà àtibọ́ lọ́wọ́ aṣọ funfun yẹn ni, kò mọ ohun tó sọ. Ìdérí ìkòkò ń lu ìkòkò lórí iná, kò sí ẹni tó lọ ṣí i.

Ìyá àgbà dìde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ká aṣọ náà, wọ́n gbọn irun ẹ̀gbọ́n mi dà sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì tún un tẹ́. Wọ́n ní kó dìde lórí àpótí. Wọ́n jókòó. Wọ́n tú gèlè wọn. N kò rí irun wọn ní ojú oòrùn rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ó funfun, ó fúyẹ́, abẹ́ rẹ̀ pupa bí ti ọmọ tuntun.

"Onígbàjámọ̀," wọ́n wí, "òkú lẹ ń ṣiṣẹ́ fún báyìí. Ẹ má bẹ̀rù."

Onígbàjámọ̀ wo bàbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá mi ti fi ọwọ́ kan bo ẹnu. Wọ́n mi orí pé kó ṣe é. Abẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó títí ó fi fá a tán, títí ó fi gé gbogbo èékánná wọn tán, wọn kò dìde. Ọkọ̀ kan fọn fèrè ní ìkóríta nígbà kan láàárín rẹ̀. Gbogbo wa wo ojú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ di orúnkún mú, ìdí wọn kò sì kúrò lórí àpótí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a gbé ìdì kékeré yẹn lọ sí agboolé bàbá wọn, lápá òdìkejì ìlú. Bàbá mi ló lọ ṣáájú lọ bá baálé ilé náà sọ̀rọ̀. Mo rò pé yóò bínú tàbí kó fi wá ṣẹ̀sín. Ó kàn ní àwọn bàbá àwọn máa ń sọ pé ẹnìkan ṣì wà lójú ogun nínú ilé yìí, ó sì fi ibi tí àwọn àgbà wọn sùn sí hàn wá. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ jìn ju bí ìdì yẹn ti nílò lọ. Òógùn ń ṣàn lórí rẹ̀ tó ń dán, kò gbójú sókè. Bàbá mi gbàdúrà. Dìákónì ni wọ́n, wọ́n mọ àdúrà gígùn, àmọ́ ti ọjọ́ yẹn kúrú. Wọ́n ní, "Olúwa, a ti mú bàbá wa wálé. Gbà á."

Nígbà tí erùpẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, ìyá àgbà ké. Kì í ṣe ohùn arúgbó. Ohùn ọmọ tó jábọ́ lulẹ̀ ni. "Bàbá mi o! Bàbá mi o!" Àwọn obìnrin ilé náà, tí ọ̀kankan nínú wọn kò mọ ọkùnrin náà rí, bú sẹ́kún lóòótọ́. Èmi náà sunkún fún ọkùnrin tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ ní ọjọ́ Ajé. Ó sùn títí oòrùn fi mú orí òrùlé, kò sì sí ẹni tó bi í. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bá ọkọ̀ lọ sí Àbíjáà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, ó sì ta àlùbọ́sà náà ní tòótọ́. Ó fi ṣe ilé, ó fi ṣe ìdílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi àwòrán ránṣẹ́ yẹn kò padà wá. Àwọn ará àdúgbò ní ọgbọ́n arúgbó ni ìyá àgbà fi dá a dúró. Inú bí wọn sí i. Wọ́n ní àwọn ò dá ẹnikẹ́ni dúró, àwọn ni àwọn kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣọ̀fọ̀ bàbá wọn bí ọmọ ti ń ṣọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń jókòó. Ìyá mi á gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á jẹ ẹ́ ní ìjókòó, ìyá mi á sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan nu omijé. Wọn kò pẹ́ púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Orí ìjókòó ni wọ́n ti lọ bá Olúwa wọn, ní ọ̀sán, láàárín wa.

Mo ka iṣẹ́ mi ní kíláàsì. Mo sọ ti ìbọn, mo sọ ti èéfín, mo sì sọ ti agboolé yẹn. Tíṣà yìn mí nítorí ìbọn àti èéfín. Ó ní àmọ́ apá ìkẹyìn kò sí lára ogun náà, pé ogun Kírìjì ti parí kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ènìyàn dáadáa ni, òun ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé. Mo jókòó, ara mi kò sì balẹ̀ títí aago fi dún.

Èmi náà ti di ìyá àgbà. Àwọn ọmọ mi wà káàkiri, bí ọ̀kan bá sì wà lójú ọ̀nà, n kò lè jókòó. Mò ń ti iyàrá kan bọ́ sí ìkejì, mò ń gbàdúrà, mò ń ṣí ìkòkò tí kò sí lórí iná wò. Ìyá àgbà fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, n kò bá wọn jà lórí rẹ̀. Àmọ́ mo ti rí bí ọ̀nà kan ṣe ń tán, mo sì ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run jẹ́ kó ṣojú mi. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ pé wọ́n ń jagun níbì kan, tí rédíò ń sọ ẹni tó ṣẹ́gun, àwọn ọmọ tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà ìlú lọkàn mi máa ń lọ bá. Àdúrà tí mò ń gbà fún wọn kúrú bí ti bàbá mi. Mò ń bẹ Olúwa pé kí ẹnìkan rántí lọ pè wọ́n wálé.